Igi Kòkó Àárín

Igi kòkó mẹ́ta ló dá ìjà sílẹ̀ láàrin bàbá bàbá mi àti ẹni tí oko wọn jọ pààlà, lọ́nà Ilé-Olújì. Kì í ṣe ìjà àdá o. Ìjà ẹnu ni, irú èyí tí ọkùnrin méjì á máa gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá láì kí ara wọn, tí àwọn ìyàwó wọn á sì máa yá ara wọn níyọ̀ nílé. Bàbá ní òun ló fọwọ́ ara òun gbin igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnì kejì ní irọ́ ni, pé bàbá òun ló gbìn wọ́n, pé ọmọdé tó ń gbé àpò irúgbìn tẹ̀lé àgbà kiri ni Bàbá nígbà náà. Igi kò lẹ́nu, àwọn tó lè jẹ́rìí sì ti kú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí àwọn àgbà àdúgbò, wọ́n ní àwọn máa wá fojú ara àwọn rí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ru kèrègbè omi. Bàbá tó ṣáájú wọn na ọ̀pá sí igi àárín, ó ní, "Ṣé èyí náà wà ńbẹ̀?" Ilẹ̀ ń yọ̀, ó bá fọwọ́ kejì di ẹ̀ka kan mú. Igbe ló tẹ̀lé e. Èèrà pupa ti bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, àwọn kan ti gba ọrùn bùbá wọlé, àgbà méjì sì ń bá a gbọn aṣọ bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Ẹ̀rín ń pa mí, mi ò gbọdọ̀ rín in. Bàbá nìkan ló rẹ́rìn-ín síta. Ó ní, "Ẹ ò rí i báyìí, àwọn tó nigi ti sọ tẹnu wọn."

Wọ́n parí ẹ̀ ṣá. Igi kan bọ́ sọ́dọ̀ wa, ọ̀kan bọ́ sọ́dọ̀ wọn, igi àárín di àjọní: àwa lọ́dún yìí, àwọn lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n gbin pèrègún ní ìlà kan láti etí odò kékeré títí dé ìdí igi àárín, nítorí pèrègún kì í tètè kú, ẹni tó bá sì fà á tu, gbogbo ayé ló máa mọ̀.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá fi ṣàwàdà lọ́jọ́ náà ni mo padà lọ bá lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ní Ìbàdàn tí mo sì lọ lo oṣù kan gbáko lóko. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń ráyè wo èèrà.

Ẹni tó bá ti gun igi mángòrò tàbí igi ọsàn rí nílẹ̀ wa mọ àwọn èèrà tí mò ń sọ. Ẹsẹ̀ wọn gùn, ara wọn pọ́n bí epo tó ti pẹ́ nínú ìgò, wọn kì í sì í sá fúnni. Èèrà pupa là ń pè wọ́n lóko wa, ṣùgbọ́n èèrà pupa pọ̀ nílé ayé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní aránwé níbí yìí, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní Oecophylla longinoda. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé, wọ́n á tò sétí ewé kan, wọ́n á fẹnu mú ewé kejì, wọ́n á máa fà á bọ̀. Bí àlàfo bá ju gígùn ara ọ̀kan lọ, èkejì á di ìbàdí èkíní mú, ẹ̀kẹta á di ti èkejì mú, títí wọ́n á fi di okùn. Nígbà tí etí ewé méjèèjì bá kanra, àwọn mìíràn á lọ gbé ọmọ wá, ìdin funfun tí kò lẹ́sẹ̀, wọ́n á fẹnu dì í mú, wọ́n á fi orí rẹ̀ kan ewé tọ̀hún, wọ́n á fi kan ewé tìhín. Òwú ń bẹ lẹ́nu ọmọ náà. Ẹni tó bá ti jókòó ti ahunṣọ òfì rí, tó rí bí ọ̀kọ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ti rí i tán. Àmọ́ ọ̀kọ̀ tàwọn wà láàyè, òwú tí ìdin èèrà mìíràn ì bá fi hun aṣọ ìbora ara rẹ̀ ni tiwọn fi ń rán ilé fún gbogbo ará. Àgbà aránwé kò ní òwú kankan lára. Ọmọ ọwọ́ ló ń kọ́lé nílẹ̀ wọn.

Ìtẹ́ kan kọ́ ni ìlú wọn, bí mo ṣe rò nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Agboolé kan lè ní ju ọgọ́rùn-ún ìtẹ́ lọ, lórí igi tó pọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ tó ìdajì mílíọ̀nù, kí ó sì jẹ́ pé ìyá kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn. Wọ́n ti rí èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ tó 1,600 mítà onígun mẹ́rin. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ilẹ̀ ní àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà sí ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ju púlọ́ọ̀tì mẹ́ta lọ. Èmi tí mo ti ń dá èésú púlọ́ọ̀tì kan láti ọdún 2016, mo wo òkè, mo mí kanlẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí mo ń ṣe kò ju pé mò ń rìn láti igi dé igi, mò ń kọ orúkọ èèrà tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ọmọ ilé ìwé kan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ìwé náà ti ń sọ̀rọ̀. Aránwé wà lórí igi mọ́kàndínlógún lápá odò. Lẹ́yìn wọn, lójijì, kò sí aránwé kan ṣoṣo mọ́. Èèrà dúdú kékeré kan ló gba igi méje tó tẹ̀ lé e, èyí tí ìdí rẹ̀ rí bí ọkàn, tó máa ń gbé ìdí náà sókè dé ẹ̀yìn orí bí inú bá bí i. Agbédìí ni mo sọ wọ́n. Lẹ́yìn agbédìí, aránwé tún bẹ̀rẹ̀. Àti pé ìlà pèrègún wa, tí àgbà mẹ́rin gbin, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kóòtù, kò bá ààlà kankan nínú ìwé mi mu. Agbédìí ní igi lọ́dọ̀ wa, wọ́n ní lọ́dọ̀ wọn.

Mo rò pé mo rí ohun tuntun. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé àwọn kan ti rí i kí wọ́n tó bí mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nínú oko kòkó ní Gánà, Dennis Leston àti Jonathan Majer wà lára àwọn tó fi hàn pé èèrà orí igi kì í gbé pọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ìran díẹ̀ ló lágbára, ìran kọ̀ọ̀kan ní igi tirẹ̀, ibi tí ọ̀kan bá wà, èkejì kì í dé ibẹ̀. Aránwé wà nínú wọn, oríṣiríṣi agbédìí tí wọ́n ń pè ní Crematogaster wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Tetramorium aculeatum, tó ń fi ìhùùhù igi ṣe ilé sí abẹ́ ewé, tó sì ń ta ni bí abẹ́rẹ́. Ní 1978, Taylor àti Adedoyin tẹ iṣẹ́ jáde lórí àwọn èèrà oko kòkó ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí, lórí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó àti bí ìran kan ṣe ń bá èkejì lò. Àwọn onímọ̀ náà fi ojú oko wé ilẹ̀ tí a fi òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà tẹ́. Èmi rò pé ẹ̀kú egúngún ni wọn ì bá fi wé, ká ní wọ́n ti rí ọ̀kan: abala pupa, abala dúdú, abala àdìrẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan gúnlẹ̀ síbi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, kò sí àlàfo, gbogbo rẹ̀ sì ń mì pa pọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́.

Kí ni wọ́n ń jà lé lórí? Ẹran kọ́ ni olórí ohun tó wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í dá kòkòrò kankan sí. Omi dídùn ni. Bí ẹ bá ṣí ewé kòkó tútù wò lórí igi aránwé, ẹ máa rí àwọn kòkòrò pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ iṣan ewé, tí wọn kì í rìn, tí wọ́n ń fa omi igi tí wọ́n sì ń tọ̀ ọ́ jáde bíi ṣúgà. Àwọn èèrà ń ṣọ́ wọn bí Fúlàní ṣe ń ṣọ́ màlúù. Ẹran tí wọ́n bá pa lónìí tán lónìí. Igi tó ní agbo ẹran dídùn bẹ́ẹ̀ ń mówó wọlé lójoojúmọ́, irú igi bẹ́ẹ̀ sì tó ohun tí wọ́n ń kú lé lórí.

Nípa bí wọ́n ṣe ń sàmì sí ààlà, ẹ dákun ẹ fojú fo abala yìí bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́. Ìgbẹ́ ni. Aránwé kì í ṣu sí ibì kan ṣoṣo. Wọ́n ń kán an sílẹ̀ káàkiri gbogbo ilẹ̀ wọn, ní ẹ̀kán pupa-dúdú tín-ín-tìn-ín tí ẹ lè rí lójú ewé bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn. Ní 1977, Bert Hölldobler àti Edward O. Wilson fi hàn pé ẹ̀kán náà ní òórùn tó yàtọ̀ láti agboolé kan sí èkejì. Bí aránwé bá tẹ ẹsẹ̀ sórí ilẹ̀, ó ti mọ̀ bóyá ilé òun ni tàbí ilé ẹlòmíràn, kó tó rí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n kó agboolé méjì pàdé lórí ilẹ̀ tí ọ̀kan ti sàmì sí tẹ́lẹ̀, àwọn tó ni àmì ló kọ́kọ́ ń lékè. Ẹni tó wà nílé ara rẹ̀ kì í bẹ̀rù láti pe ará ilé.

Mo dán an wò, inú mi ò sì dùn sí i títí di òní. Mo gé ẹ̀ka kan lára igi aránwé lápá odò, pẹ̀lú èèrà bíi mẹ́wàá lórí rẹ̀, mo lọ gbé e ti igi aránwé kan lápá òkè, níbi tí agboolé kejì wà. Ojú lásán kò lè mọ èyí yàtọ̀ sí èyí: ìran kan náà, àwọ̀ kan náà. Àkọ́kọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ lára ẹ̀ka náà rìn ìwọ̀nba àtẹ́lẹwọ́ kan, ó dúró, ó la ẹnu, ó gbé ìdí sókè. Onílé kan pàdé rẹ̀. Wọ́n fi ìwo orí kan ara wọn lẹ́ẹ̀kan. Onílé náà yí padà, ó sáré lọ sókè igi, gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń gbọn ara níwájú rẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ẹni tí òtútù mú. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n ti ń wọ́ bọ̀ ní ọ̀wọ́. Àjèjì mẹ́wàá náà kò sá. Wọ́n mú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ kan sí ọwọ́ ẹnì kan, mẹ́fà fún ẹyọ kan, wọ́n nà á síhìn-ín sọ́hùn-ún bí awọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìlù. Lẹ́yìn náà wọ́n gé e.

Ohun tó ń pè wọ́n jọ bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu wọn. Aránwé tí inú bá bí ń tú òórùn mẹ́rin jáde, tí ìrìn ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ara wọn. Èyí tó yára jù, hexanal, ló ń kọ́kọ́ kan àwọn tó wà nítòsí, wọ́n á gbórí sókè. Hexanol ń tẹ̀ lé e, ó ń fà wọ́n súnmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Méjì tó kù wúwo, wọn kì í rìn jìnnà, wọ́n ń dúró sójú ibi tí a ti já ọ̀tá jẹ. Èèrà tó bá gbóòórùn ìyẹn kò wá ìtumọ̀ mọ́, ó ń já ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ jẹ. Èyí yé mi nígbà tí mo rántí bàbá tó di ẹ̀ka mú. Àkọ́kọ́ tó já a jẹ ló fi àmì sí i lára. Àwọn tó kù kàn ń ka lẹ́tà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára ni mo fẹ́ sọ báyìí.

Létí ilẹ̀ aránwé, níbi tó kọjú sí ọ̀tá, àwọn ìtẹ́ kan wà tí kò ní ìdin nínú, tí kò ní ẹyin. Àwọn tó ń gbé inú wọn jẹ́ àgbà òṣìṣẹ́, àwọn tí ara wọn ti gbó, tí wọn kò lè tọ́ ọmọ mọ́. Hölldobler ló kọ ìwé lórí èyí ní 1983, lára ìbátan aránwé tó wà ní Ọsirélíà. Nígbà tí èèrà wà léwe, àárín ilé ló ń wà, lẹ́bàá ìyá àti ọmọ. Bó ṣe ń dàgbà ni iṣẹ́ rẹ̀ ń jìnnà sílé. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kú, ó ti dé ojú ààlà. Bí ogun bá dé, àwọn wọ̀nyẹn ló ń kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Abo sì ni gbogbo wọn, nítorí náà àwọn ìyá àgbà ni ọmọ ogun ìlú. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kù díẹ̀ ni àdánù rẹ̀ kéré jù fún ilé.

A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni òwe yẹn ń sọ, pé àgbà ló mọ bí a ti ń gbé ọmọ pọ̀n. Lóko yẹn, mo gbọ́ ìtumọ̀ mìíràn nínú rẹ̀: pé ẹni tó ń wà níta, níbi tí nǹkan ti lè ṣeni, àgbà ló yẹ kó jẹ́.

Nígbà tí Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó àti Ìbàdàn ló ń bẹ̀ ẹ́ kó jókòó sílé. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n gba lébìrà. Ó ń gba owó, ó ń gbàdúrà fún wọn, ó sì ń lọ sóko. Èmi rò nígbà náà pé agídí ni. Ohun tí mi ò kíyè sí ni pé kì í lọ sí àárín oko mọ́, níbi tí iṣẹ́ wà. Ojú ààlà ló ń lọ. Á ro ìdí pèrègún, á ká ẹ̀ka tó bá yọ sódì kejì, á jókòó lórí kùkùté kan lẹ́bàá igi àárín títí oòrùn á fi mú. Bí a bá bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, á ní, "Kí wọ́n ṣáà máa rí mi." Ọkùnrin kejì náà, tí òun náà ti di arúgbó, máa ń wà lápá tiẹ̀. Àwọn ọmọ tiẹ̀ náà wà lókè òkun àti l'Ékòó. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n padà ń kí ara wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́dún tí Bàbá kú, ọkùnrin náà wá sílé wa, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀, ó lọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí òun náà tẹ̀ lé e.

Bàbá á bínú bó bá gbọ́ pé mo fi òun wé èèrà. Á bi mí pé ṣé ìwé tí wọ́n rán mi lọ kà nìyẹn.

Ohun kan tún wà nípa aládùúgbò. Ní Ọsirélíà náà, àwọn oníwàádìí kan fi hàn ní 2010 pé aránwé ibẹ̀ ń mọ àwọn tí ilẹ̀ wọn jọ pààlà yàtọ̀ sí àjèjì tó ti ọ̀nà jínjìn wá, aládùúgbò ni wọ́n sì ń bá jà kíkankíkan jù. Ọ̀pọ̀ ẹranko ni ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ sí èyí. Bí àkókò ṣe ń lọ ni wọ́n ń gba aládùúgbò mọ́ra, tí wọ́n ń fi ìjà sílẹ̀ de àlejò. Fún aránwé, àlejò kan tó ṣìnà kò lè kó igi lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn pèrègún ló lè kó o, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ka kan sí ẹ̀ka kan. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Nítorí èyí, ààlà tó dára jù láàrin agboolé méjì ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò dé. Wọ́n ń fi ibì kan sílẹ̀, tóóró kan, tí ọ̀wọ́ kankan kì í gbà kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo rí irú ibẹ̀ lóko wa, láàrin aránwé àti aránwé, lára igi mẹ́rin tí èèrà kéékèèké tí kò lórúkọ nínú ìjà ń jẹ̀ kiri lórí wọn ní àlàáfíà. Àwọn mẹ̀kúnnù ń rí oúnjẹ jẹ níbi tí àwọn alágbára ń bẹ̀rù ara wọn.

Ẹni tó ń dáko á bi mí pé kí ló kan òun nínú gbogbo èyí. Ó kàn án púpọ̀. Kòkòrò kan wà tó ń fa omi ọ̀mùnú kòkó àti èso rẹ̀ títí á fi gbẹ; òun ni a torí rẹ̀ ń fín Gammalin 20 nígbà tí mo wà léwe, tí òórùn rẹ̀ á wà lára aṣọ Bàbá fún ọjọ́ mẹ́ta. Lindane ló wà nínú Gammalin, májẹ̀lé tí àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ti Stockholm kọ mọ́ èyí tó yẹ kó kúrò nílẹ̀ ní 2009. Leston àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé níbi tí aránwé bá ti gba igi, kòkòrò afàmumi yẹn kì í pọ̀. Àwa sì ń fín oògùn tó ń pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo èèrà ni ọ̀rẹ́ àgbẹ̀, bí àwọn kan ṣe ń kọ ọ́ kiri. Àwọn agbédìí kan wà lára èèrà tó ń ṣọ́ kòkòrò onífunfun tó ń gbé àrùn wíwú ẹ̀ka kiri, wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ àgọ́ lé e lórí kí òjò má pa á. Àrùn yẹn ló mú kí wọ́n gé igi kòkó tó ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ lulẹ̀ ní Gánà, ọ̀kan nínú ohun tó sì bí ilé ìwádìí kòkó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Tafo ní 1944 nìyẹn, tí ẹ̀ka rẹ̀ lọ́dọ̀ wa padà di iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ní 1964. Àwọn èèrà mìíràn ń fi erùpẹ̀ mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gun ara igi, erùpẹ̀ náà sì ń gbé àrùn tó ń sọ èso di dúdú láti ilẹ̀ lọ sókè. Nítorí náà ẹ̀kú egúngún yẹn ṣe pàtàkì: àǹfààní tàbí òfò, ó di ọwọ́ abala tí igi rẹ bọ́ sí. Ní Zanzibar, M. J. Way ti rí irú rẹ̀ láyé àwọn ọdún 1950 lára igi àgbọn. Níbi tí aránwé wà, àgbọn ń so. Níbi tí èèrà orílẹ̀ olórí-ńlá kan ti lé wọn lọ, kòkòrò ń gún àgbọn kékeré, ó ń rẹ̀ dànù.

Àwọn ará Ṣáínà ti mọ èyí tipẹ́. Ìwé kan tí wọ́n máa ń sọ pé ó ti wà láti ọdún 304 sọ pé wọ́n ń ta ìtẹ́ aránwé tiwọn lọ́jà, nínú àpò, fún àwọn ọlọ́gbà ọsàn. Nígbà tó yá wọ́n ń fi ọ̀pá oparun so igi pọ̀ kí èèrà lè máa rí ọ̀nà kọjá. Ní Bahia ní Bràsíìlì, níbi tí ẹ̀jẹ̀ wa pọ̀ sí, àwọn àgbẹ̀ kòkó ń gbé ìtẹ́ èèrà kan tí wọ́n ń pè ní caçarema sórí igi wọn, fún iṣẹ́ kan náà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù wá láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Eṣinṣin kan ń yé ẹyin sínú mángòrò, ìdin á wà nínú rẹ̀, àwọn oníbàárà òkè òkun á dá a padà. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 fi hàn pé mángòrò ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí igi tí aránwé bá pọ̀ sí. A lè rò pé wọ́n ń mú eṣinṣin jẹ ni. Wọ́n ń mú díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2009, ó hàn pé eṣinṣin kì í fẹ́ yé sára èso tí aránwé ti rìn lórí rẹ̀ tí wọ́n ti fi òórùn wọn sí, kódà bí èèrà kò bá sí níbẹ̀ mọ́. Òórùn tí wọ́n ń fi lé ara wọn kúrò lórí ilẹ̀ ara wọn ló ń dáàbò bo mángòrò ènìyàn. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta mángòrò ní Ìbàdàn. Ó ní, "Ìgbẹ́ èèrà ni mò ń fọ̀ dànù láti ọjọ́ yìí?"

Lálẹ́ ọjọ́ kan, níbi tí mo ti ń gbìyànjú láti ka nǹkan lórí fóònù pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹlẹ́sẹ̀ kan, mo bá ohun tó da omi sí i fún mi díẹ̀ pàdé. Andreas Floren àti Karl Eduard Linsenmair wo igbó ńlá kan ní Borneo, erékùṣù kan ní Éṣíà, igbó tí ẹnikẹ́ni kò gé rí, wọn kò sì rí ẹ̀kú egúngún náà. Èèrà wà lórí igi lọ́tùn-ún lósì bí ẹni pé àfọ́nká ni, kò sí aláṣẹ kan tó lé àwọn yòókù. Ibi tí ènìyàn ti da igbó rú ni wọ́n ti bá ètò bíi tiwa pàdé. Àwọn mìíràn ti rí i nínú igbó tiwọn, àríyànjiyàn ń lọ. Ṣùgbọ́n ó gba oorun lójú mi. Kòkó kò sí nílẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Láti Fernando Po, erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí, ló ti dé Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1874. Aránwé ti wà nínú igbó wa kí ó tó dé. Nígbà tí àwọn bàbá wa gé igbó tí igi oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀, okùn àti àfòmọ́, tí wọ́n wá gbin igi kan ṣoṣo ní ẹsẹẹsẹ, gíga kan náà, ewé kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ló fún èèrà ní ohun tó rọrùn láti pín. Bàbá ní àwọn tó nigi ti sọ tẹnu wọn. Ta ló kọ́ wọn lọ́rọ̀?

Mo padà síbẹ̀ lóṣù kọkànlá tó kọjá, lásìkò ìkórè. Ọmọ ẹni tí oko wa jọ pààlà wà lóko tiẹ̀. Ó fi ọdún bíi mẹ́wàá jù mí lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde jàre, pé ilẹ̀ tutù. Bọ̀dá ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò jọ sọ̀rọ̀ rí tó ju ẹ kú iṣẹ́ lọ. A rìn dé ìdí igi àárín. Pèrègún ti ga ju ẹnu ilé lọ, ẹnikẹ́ni kò ká a láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti lọ. Mo wo òkè, mò ń wá ìtẹ́ aránwé. Kò sí. Agbédìí ti mọ ilé dúdú kan sí oríta ẹ̀ka, ó tó orí ọmọdé. Ọ̀dọ̀ wa àti ọ̀dọ̀ wọn, aránwé méjèèjì ti sún sẹ́yìn.

Bọ̀dá gbé ọ̀pá dòjé sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ta ló kàn lọ́dún yìí?"

Mi ò rántí. Òun náà ò rántí. A ka èso tó wà lórí rẹ̀, mọ́kànlá ni, mẹ́ta ti dúdú. Ó gé mẹ́jọ, ó fi mẹ́rin sọ́dọ̀ mi, ó la ọ̀kan nínú tiẹ̀ mọ́ kùkùté tí Bàbá máa ń jókòó lé. A jókòó, a ń lá ara kòkó, a ń tu irúgbìn rẹ̀ sínú ewé. Èèpo rẹ̀ wà nílẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ wa. Kí a tó jẹ ìdajì, aránwé kan ti wà lórí rẹ̀, ó gbórí sókè, ìwo rẹ̀ ń mì. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí láti mọ ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n koríko bo ọ̀nà.